Ìdérí Tí Wọ́n Pààrọ̀ ní Láàbù Adìẹ

Kò sí ẹni tó tún ń pe obìnrin náà ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ojú-Àwòdì ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ẹni tó ń ṣí géètì, nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ bá ti bà lé, kò tún lè sá pa mọ́ fún un. Òun ni olórí láàbù tí wọ́n ti ń wá ìdí ikú àwọn adìẹ. Bí òkú adìẹ bá dé, òun ló máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ikùn rẹ̀, á sì ti sọ ohun tó pa á kí ẹlòmíràn tó wọ ìbọ̀wọ́ tán. "Ìfura loògùn àgbà," ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó ti lo oògùn náà títí ó fi di oúnjẹ fún un.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àrùn kan ló ń da àwọn ọlọ́sìn adìẹ láàmú. Adìẹ á máa jẹ, á máa mu, á máa yé ẹyin, àfi lọ́jọ́ tí ogbe orí rẹ̀ bá ṣàdédé funfun tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí wọ́n bá la inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti wú kún gbogbo ikùn, kókó funfun á sì ti ta sí i lára bí ìrẹsì tí wọ́n fọ́n sórí aṣọ dúdú. Jẹjẹrẹ ni. Fáírọ́ọ̀sì kan ló ń fà á, kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Ọ̀dàlẹ̀ ni kòkòrò yìí. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì adìẹ, kì í jalè kó sì sá lọ. Ńṣe ló máa ń kọ ara rẹ̀ mọ́ ogún tí sẹ́ẹ̀lì náà jẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí àlejò tó wọ̀ sílé ẹni lálẹ́, tó wá jí lówùúrọ̀ tó ní ọmọ bíbí inú ilé lòun. Láti ọjọ́ náà lọ, bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá bí sí i, á bí i mọ́ ọn ni. Àgbébọ̀ á kó o sínú ẹyin, ẹyin á pa, òròmọdìẹ á gbé e wá sáyé. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí wọ́n yẹ agbo wò, kí wọ́n kó àwọn tó ti ní in kúrò, kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n ṣe sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Ẹlẹ́rìn-ín fi gbé ìròyìn ayọ̀ wá.

Ọkọ àbúrò Ojú-Àwòdì ni Ẹlẹ́rìn-ín. Abẹ́ Ojú-Àwòdì ló ti kọ́ṣẹ́, inú láàbù yẹn náà ló sì ti rí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyẹn wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ojú fi bá ojú, tí ọ̀rọ̀ fi di ìgbéyàwó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ti rí purotéènì kan, ọ̀kan lára àwọn èyí tí sẹ́ẹ̀lì adìẹ máa ń ṣe fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, fáírọ́ọ̀sì jẹjẹrẹ yẹn ò ní lè kọ ara rẹ̀ mọ́ ogún onílé. Kì í pa á o. Á kàn dì í mú lọ́nà ni, kó má lè dé ibi tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," ló wí lọ́jọ́ tó gbé àwòrán àbájáde rẹ̀ wá. "Àwọn adìẹ wa ní ohun tí wọ́n fi ń dí ògiri tiwọn láti ọ̀run wá. Àwa la ò tí ì wò ó dáadáa."

Ojú-Àwòdì wo àwòrán náà lọ, ó wò ó bọ̀. Abọ́ tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní purotéènì yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀, fáírọ́ọ̀sì ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Abọ́ tí wọ́n ti yọ purotéènì náà kúrò, fáírọ́ọ̀sì kún un bí eéṣú. Nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀kan ò yà kúrò lọ́nà.

Ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu ú. Ẹni tó bá ń bá ohun abẹ̀mí ṣiṣẹ́ mọ̀ pé alágídí ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì a máa kú láìsí ìdí kan. Abọ́ kan á ṣe báyìí, èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ tò pọ̀ á ní òun ò ṣe. Iṣẹ́ tó bá wá mọ́ tónítóní báyìí, àfi kó jẹ́ pé ẹnì kan ló fọ̀ ọ́.

"O káre," ló sọ fún un. "Iṣẹ́ ńlá ni." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ni kì í ṣàì rí nǹkan. Ó rí i pé bí òun bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ògiri. Ó rí i pé bí gbogbo ilé bá jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, ìyẹn á ní ebi ò pa òun, á dá wà nídìí àwọn abọ́ rẹ̀. Àní ẹ̀rín tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà wá di ohun tí Ojú-Àwòdì ń tú wò. Kí ló ń rín sí? Ta ló ń rín?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àbúrò rẹ̀ wá kí i. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ, ni àbúrò bá dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé iṣẹ́ ló pọ̀ tó báyẹn fún ọkọ mi ni? Fóònù ò kúrò létí ẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti wọlé, á jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ o.'"

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Ẹ̀yin mà ló ń pè bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀gbọ́n mìíràn wo la ní?" Àbúrò tẹ́ ẹ̀wù kan sórí itan, ó fi ọwọ́ nà án. "Mo kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n mo ní, èwo ni àlè tí èèyàn á máa bá sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ adìẹ?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ́rìn-ín tinútinú, nítorí pé ó ti tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ló fi rín in.

"Ẹ má sọ fún un pé mo sọ o."

"Ṣé èmi náà á lọ máa sọ ọ́ ni?"

Nígbà tí àbúrò lọ tán, Ojú-Àwòdì ò dìde níbẹ̀. Ó dá a lójú wàyí. Ọkọ àbúrò òun ń ṣe màgòmágó, ó sì ní alábàáṣe níta. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jáde tó sì wá já sí irọ́, orúkọ òun tí òun jẹ́ olórí láàbù ni wọ́n á fi nu ilẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn tí wọ́n ti ń gbọ́ fìnrínfìnrín rẹ̀ á sì ti lọ fi gbogbo agbára wọn sórí ohun tí kò sí. Bó bá sì bi Ẹlẹ́rìn-ín léèrè lójúkojú, ìyẹn á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní láti dẹ ẹ́.

Ohun tó gbé e dé ibi ìdẹ náà ò le. Ẹlẹ́rìn-ín ní ìwà kan tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti bá a wí lé lórí títí: orí ìdérí abọ́ ló máa ń kọ àmì sí, kì í kọ ọ́ sára abọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tí purotéènì pọ̀ nínú wọn, á fi máákà pupa kọ ọ́. Àwọn tí kò ní in, á fi ti búlúù. Bí ẹnì kan bá wá pààrọ̀ àwọn ìdérí yẹn ńkọ́, tí ti pupa lọ sórí abọ́ búlúù, tí ti búlúù wá sórí abọ́ pupa? Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Ẹlẹ́rìn-ín ń wọn fáírọ́ọ̀sì, àbájáde rẹ̀ á dojú dé. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń jókòó kọ ohun tó wù ú, àbájáde rẹ̀ á tẹ̀ lé àwọ̀ ìdérí, bí ti àtẹ̀yìnwá. Ibẹ̀ ni ọwọ́ á ti tẹ̀ ẹ́.

Ó jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí àwọn agbálẹ̀ tó dé. Láàbù ṣì ń rùn fún ọṣẹ ìpakòkòrò, omi ń kán tó, tó, nínú agbada irin tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Ó wọ kóòtù funfun, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì lọ síbi àpótí ooru, ìyẹn àpótí irin tí wọ́n ń kó àwọn abọ́ sẹ́ẹ̀lì sí kí wọ́n lè máa móoru bí ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì náà ní i, nítorí òun ló ń bójú tó àpótí yẹn, òun ló sì ń fọ gbogbo abọ́ àti ìgò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé ilẹ̀kùn kan ò sí nínú ilé yẹn tí olórí láàbù ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó kó àwọn abọ́ náà bọ́ sábẹ́ gíláàsì tí atẹ́gùn tó mọ́ ti ń fẹ́, ó sì ń pààrọ̀ ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó wọn padà sípò, ó tilẹ̀kùn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Bó ṣe yíjú sọ́nà ni ó bá Ìyá Ìbejì lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ mà tètè dé lónìí."

"Káàárọ̀. Iṣẹ́ ni."

Ìyá Ìbejì wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àpótí ooru. Ó ní, "Ọlọ́run á túnbọ̀ fún yín lókun, mà," ó sì bọ́ síbi agbada rẹ̀ láti tún ẹ̀rọ omi tó ń kán dè.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ẹlẹ́rìn-ín kó sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó wọn fáírọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni fi aṣọ nù ún kúrò. Ojú-Àwòdì ń retí pé kó wá bá òun kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà o." Kò wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọjú láti ojú fèrèsé, ó rí i tó ki orí bọ inú fíríìsà ńlá, tó ń yọ àwọn ìgò kéékèèké, tó ń gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó ń fi ọ̀kan wé èkejì. "Ó ń se irọ́ rẹ̀," ló wí fún ara rẹ̀. "Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà se é kó lè jinná." Ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní yóò dáa bí Ẹlẹ́rìn-ín bá lè wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀gá àgbà, arúgbó kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọn iyọ̀, ní kò burú.

Ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn ká. Fáànù òkè ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ojú-Àwòdì ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí ìsàlẹ̀ ahọ́n rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti ní abọ́ ìdérí pupa ni kò ní fáírọ́ọ̀sì bíi ti àtẹ̀yìnwá, òun náà á dìde.

Ẹlẹ́rìn-ín dìde. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú," ó ní. "Àbájáde tọ̀tẹ̀ yìí dojú dé. Abọ́ tó yẹ kí purotéènì dáàbò bò, òun gan-an ni fáírọ́ọ̀sì kún. Èyí tí kò yẹ kó ní ààbò, òun ló mọ́."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ojú-Àwòdì tò sábẹ́ ahọ́n yọ́ dànù. Òótọ́ lọkùnrin yìí ń sọ. Òótọ́ ló ti ń sọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mo rò pé mo ti ń tan ara mi àti gbogbo yín jẹ ni," Ẹlẹ́rìn-ín ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ti fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì abọ́ kọ̀ọ̀kan pa mọ́ sínú fíríìsà. Mo yọ wọ́n, mo wá purotéènì yẹn nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì abẹ́ ìdérí pupa ò ní in rárá. Abẹ́ ìdérí búlúù ló wà. Ẹnì kan ló pààrọ̀ àwọn ìdérí náà."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí?" ọ̀gá àgbà béèrè.

"Èmi, sà." Ẹlẹ́rìn-ín ń wo tábìlì. "Àti Ìyá Ìbejì."

Kò dárúkọ ẹnì kẹta. Ṣé ó gbàgbé ni? Àbí ìdẹ nìyí, tó mọ̀ ọ́n mọ̀ dákẹ́ kí òun lè fi ẹnu ara òun sọ ọ́ lójú gbogbo ayé? Ojú-Àwòdì wo ojú àna rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dẹ tàkúté, orí ṣì ń sọ fún un pé òun ni wọ́n dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún.

Wọ́n pe Ìyá Ìbejì wọlé. Ó dúró nídìí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi ọṣẹ.

"Ìyá Ìbejì, ta ló ní kí o pààrọ̀ ìdérí abọ́ ọ̀gá yìí?" ọ̀gá àgbà bi í.

"Sà, mi ò fọwọ́ kan ìdérí kankan o."

"Ta wá ni? Àǹjọ̀nú?"

Ìyá Ìbejì yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri tábìlì, títí ó fi kan Ojú-Àwòdì, ojú náà sì dúró síbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì halẹ̀. Ó kàn ń wò ó ni.

Ojú-Àwòdì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, sà," Ìyá Ìbejì wí nígbẹ̀yìn.

"Ó dáa. Fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Máa lọ sílé ná títí a ó fi wádìí."

Kọ́kọ́rọ́ dún lórí tábìlì. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kóòtù funfun rẹ̀. Ó tú ti òkè, ó tú ti àárín. Èyí tó kẹ́yìn há. Ó fà á, kò gbọ́. Ó tẹ̀ ba láti wò ó dáadáa, ó tún fà á.

"Èmi ni," Ojú-Àwòdì wí.

Àwọn kan rò pé ó fẹ́ lọ bá a tú bọ́tìnnì ni.

"Èmi ni mo pààrọ̀ wọn. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tèmi. Mo rò pé irọ́ ni iṣẹ́ yẹn, mo fẹ́ mú un. Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan, àfi pé ó bá mi níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì sọ ọ́."

Ariwo tó sọ níbẹ̀, ẹni tó wà nídìí géètì gbọ́ ọ. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n túká. Ìyá Ìbejì já bọ́tìnnì náà tòun ti òwú rẹ̀, ó ká kóòtù, ó gbé e sórí àga, ó sì lọ sílé bí wọ́n ṣe ní kó lọ.

Ojú-Àwòdì bá Ẹlẹ́rìn-ín lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ń to àwọn páálí oúnjẹ adìẹ sí. Ìyẹn jókòó lórí ọ̀kan.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Àmọ́ dá mi lóhùn. Kí lo máa ń bò mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tí o ní kí n má gbọ́?"

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó tìyanutìyanu. Ó fẹ́ bi í pé ta ló sọ fún un, ó sì gbé e mì.

"Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sílé ìwé ni. Ó ní láàbù tiẹ̀, ibi tó jìnnà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dọ̀ tiẹ̀, kó má bi mí ní nǹkan kan. Ó mọ́ jù, Ẹ̀gbọ́n. Ara fu èmi náà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń fura sí afẹ́fẹ́? Bí mo bá wá sọ fún yín pé iṣẹ́ mi ń fu mí lára, ẹ ò bá ti dì mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà."

Ojú-Àwòdì jókòó sórí páálí kejì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé mo ní kọ́kọ́rọ́."

"Mo mọ̀," Ẹlẹ́rìn-ín ní. "Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ta ló tún lè rò ó débẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni yín. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé bí mo bá pè yín, ilé mi á dàrú. Mo wá pe ẹni tí kò ní lè bá mi jà."

Àwọn méjèèjì ò lè wo ara wọn lójú. Èèyàn méjì tó kàwé jìnnà, wọ́n jókòó sórí oúnjẹ adìẹ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì.

Wọ́n jọ lọ sílé Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ kejì. Ó ń sá aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sórí okùn, ẹ̀wù méjì, ṣòkòtò méjì, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ó dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n kí i, àmọ́ kò ní kí wọ́n jókòó títí ó fi sá èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n dúró sínú oòrùn. Wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tó tutù, omi aṣọ ń kán sí i lẹ́yìn. Ojú-Àwòdì kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù lọ níbẹ̀.

"Ẹ dìde, mà, ẹ má kó mi sí wàhálà." Ó fa bẹ́ǹṣì fún wọn. "Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí? Ọ̀gá yìí mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Gbogbo wa la mọ̀, síbẹ̀ èmi ni mò ń tú kóòtù. Ẹ kàn jọ fi mí ṣe abọ́ tí ẹ fi ń dán ara yín wò ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé o rí mi?" Ojú-Àwòdì béèrè.

"Bí mo bá sọ ọ́, mà, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́ nínú èmi àti ẹ̀yin? Wọ́n á ní mo tún ń purọ́ mọ́ àgbà. Mo ní kí n wò yín. Mo ní bó bá ṣe pé èèyàn ni yín, ẹ ó sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́ o."

Ó ní òun á padà síṣẹ́, nítorí àwọn ọmọ. Àmọ́ lójú àwọn tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan òun ni kí wọ́n ti tún orúkọ òun ṣe, lórí tábìlì yẹn náà, kì í ṣe lẹ́yìnkùlé òun. Wọ́n sì ṣe é. Ẹlẹ́rìn-ín sọ tirẹ̀ láìfi bò. Ojú-Àwòdì sọ tirẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀gá àgbà, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó ní àṣìṣe ò sí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì ní òun ò gbọ́ dáadáa. Arúgbó náà tún wúkọ́, ó wá ní kó má bínú.

Ní ti iṣẹ́, ìdẹ tí Ojú-Àwòdì dẹ sílẹ̀ láti fi ba á jẹ́ ló wá di ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún un: Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ abọ́ tí purotéènì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì ti kọsẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di òfin láàbù pé ẹni tó bá máa wọn nǹkan ò gbọdọ̀ mọ èyí tó jẹ́ èwo. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó wà lókèèrè. Ó ní òótọ́ ni, purotéènì náà dá fáírọ́ọ̀sì tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ránṣẹ́ sí òun dúró. Ṣùgbọ́n òun ní irú kejì lọ́dọ̀ tòun, ìbátan rẹ̀ tó burú jù ú lọ, ìyẹn sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ purotéènì yẹn bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rìn-ín ka ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ láìyí ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lé e títí ọjọ́ fi rọ̀. Iṣẹ́ ń lọ láàárín wọn. Àmọ́ adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ibi tó ti dun Ojú-Àwòdì jù ni ilé. Kò pẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín tó mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ fóònù yẹn lọ, ó sì bi ìyàwó rẹ̀. Àbúrò kò wá kí Ojú-Àwòdì mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ̀gbọ́n bá pè é lórí fóònù, á dáhùn, á béèrè àlàáfíà, á ní ọmọ òun ń ké, á sì gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó wá pàpà wá, ó gbé ọmọ dání, ẹnu ọ̀nà ló sì jókòó sí, lórí àga tí wọ́n máa ń fún àlejò. Ojú-Àwòdì gbé omi fún un. Ó gbà á, ó mu díẹ̀.

"Inú ń bí ẹ sí mi," ẹ̀gbọ́n wí.

"Rárá, Àǹtí mi. Ó ti tán." Ó ń nu ẹnu ọmọ. "Ó kàn jẹ́ pé ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ níwájú mi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò bínú. Ó kàn ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ ni. Èmi náà wá rí i pé ohun tí mo tú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìṣòro mi ni mo gbé wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin gbé e lọ dẹ tàkúté."

"Mo rò pé mò ń gbà ẹ́ là ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ò ṣáà bi mí bóyá mo fẹ́." Ó gbé ife kalẹ̀. "A ó máa wá kí yín, èmi àti ọmọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohun tí gbogbo ayé lè gbọ́ nìkan ni màá máa sọ."

Ojú-Àwòdì wo ojú rẹ̀, ojú tó ti ń wò láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá wọn, ó ń wá bóyá ohun mìíràn tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe rí.

"Ó dáa," ó ní.

Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa eyín tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò. Nígbà tí àbúrò fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sin wọn dé ẹ̀bá títì, wọ́n sì jọ dúró síbẹ̀ títí mọ́tò fi dé.